Awò Ìbọn Tí Wọ́n Pè Ní Jákujàku

Nínú gbogbo ohun tí mo ti fowó ara mi rà ní London, kò sí èyí tí wọ́n bú tó awò orí ìbọn mi. Ọkọ mi kò fẹ́ rí i sójú, ọmọbìnrin mi fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú u, bàbá tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ wa sì wò ó bí ẹni ń wo ẹja tó ti ń rùn. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí mo rí lára rẹ̀ kí n tó rà á. Orí kunkun mi kò jẹ́ kí n gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ orí kunkun náà.

Kí jìnnìjìnnì má bá ẹnikẹ́ni o. Ìbọn afẹ́fẹ́ ni mò ń sọ, èyí tí sípíríǹgì inú rẹ̀ ń ta ọta kékeré jáde, ọta tí kò tó hóró ẹ̀wà. Ní England, àgbàlagbà lè ní irú rẹ̀ nílé láìgba ìwé àṣẹ, bí agbára rẹ̀ kò bá ti kọjá ohun tí òfin là sílẹ̀. Páálí la máa ń yìn ín sí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń yìnbọn, n kò tíì pa eṣinṣin.

Ọjọ́ ìsinmi ìjọba kan ló bẹ̀rẹ̀, ní ọdún tí a kó kúrò ní Glyndon lọ sí Thamesmead. Ẹgbẹ́ àwọn ayìnbọn kan tó wà nínú pápá lẹ́yìn Erith ní kí gbogbo ayé wá wo ohun tí àwọn ń ṣe. Àwọn ọmọ mi ló yọ mí lẹ́nu pé ká lọ. Kò pẹ́ tó fi sú wọn, wọ́n padà lọ jókòó sínú mọ́tò, wọ́n ń tẹ fóònù. Èmi tí mo ní mo kàn tẹ̀lé wọn wá, n kò lè dìde mọ́ lórí àga tí wọ́n fi mí sí. Mo gbé ìdí ìbọn sí èjìká, mo mí kanlẹ̀, mo fà á, ihò kékeré kan sì là lára páálí lọ́hùn-ún. Ara mi balẹ̀ wọ̀ọ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, láti ilé kan sí òmíràn, láti Abbey Wood títí dé Plumstead. Wẹ̀ fún ẹni yìí, fún tọ̀hún ní oògùn, sáré kí bọ́ọ̀sì má lọ. Bí mo bá délé, ti àwọn ọmọ ni. Bó bá di òpin ọ̀sẹ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Lórí àga yẹn, kò sí ẹni tó ń pè mí, kò sí ẹni tó ń retí mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún.

Ẹgbẹ́ náà gbà mí, ṣùgbọ́n bí àlejò ni wọ́n kọ́kọ́ gbà mí. Oṣù mélòó kan ni èèyàn fi ń jẹ́ àlejò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò gbé ìbọn tirẹ̀ wá ní ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní ọjọ́ káàdì, yóò yin ọta márùn-ún sára páálí kékeré tí í ṣe káàdì náà, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ wọ inú òbìrìkìtì dúdú kan tí kò tóbi ju ìdérí ìgò kóòkì lọ. Bí ọ̀kan péré bá yà síta, wọn á dá onítọ̀hún padà sí ẹ̀yìn àwọn tó ń dúró de àyè, àwọn yẹn sì pọ̀ rẹpẹtẹ. Mo fẹ́ àyè yẹn. N kò tíì fẹ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń wá ìwé ìgbélùú.

Mo ra ìbọn àlòkù lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ń kó lọ sí etí òkun. Ìbọn náà dára, ṣùgbọ́n kò sí awò lórí rẹ̀, kò sì ní ojú irin tí èèyàn lè fi wo ibi tó ń yìn ín sí. Ó di dandan kí n wá awò fún un. Wàhálà irú ìbọn yìí ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ta. Bí sípíríǹgì bá tú, á kọ́kọ́ ta sẹ́yìn lu èjìká, á tún fò síwájú lójú ẹsẹ̀. Awò tó lè gba ìtapá ìbọn ńlá tí wọ́n fi ń pa àgbọ̀nrín lè fọ́ lórí tèmi, torí pé ìtapá sẹ́yìn nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Mo kà nípa rẹ̀ lórí ayélujára títí ojú mi fi pọ́n. Mo máa ń kà á nínú bọ́ọ̀sì, mo máa ń kà á nígbà tí ìrẹsì bá wà lórí iná, ìrẹsì sì jóná lọ́jọ́ kan.

Ọmọkùnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo lọ ní Kent wò mí láti òkè délẹ̀. Ó rí obìnrin adúláwọ̀ tó wọ aṣọ iṣẹ́ àwọn olùtọ́jú, ó ní bóyá ẹ̀bùn ni mo fẹ́ rà fún ọkọ mi. Mo ní ọkọ mi kò mọ ẹnu ìbọn yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀. Ló bá gbé awò gbàǹgbà kan jáde, iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé ń tàn nínú rẹ̀, ó sì ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni débi pé èèyàn lè ka irun imú ẹni tó wà lódìkejì títì. Mo bi í bóyá wọ́n ṣe é fún ìbọn onísípíríǹgì. Ó ń fa ọ̀rọ̀ lọ, ó ń fà á bọ̀. Mo tún bi í bóyá iwájú rẹ̀ ṣeé yí kó lè ríran dáadáa nítòsí, nítorí ibi tí a ń yìnbọn sí ní ẹgbẹ́ wa kò jìnnà, ọ̀pọ̀ awò ló sì jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn nìkan ni wọ́n ń rí kedere. Ohun tó wà nítòsí á máa ṣe bàìbàì nínú wọn. Kò mọ̀.

Mo ní kó bá mi gbé ti ìsàlẹ̀ yẹn, èyí tí eruku bò. Kò ní iná, kò dán, kì í fa nǹkan súnmọ́ni jù, owó tirẹ̀ ló sì kéré jù nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lára páálí rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé onísípíríǹgì ni wọ́n ṣe é fún, iwájú rẹ̀ sì ṣeé yí. Mo ra òrùka irin méjì tí yóò dì í mú mọ́ ìbọn, irú èyí tó ní eyín kékeré kan lábẹ́ tó máa ń wọ ihò orí ìbọn kó má bàa sún. Mo jáde níbẹ̀ bí ẹni tó jẹ lọ́tìrì.

Ilé ni wọ́n ti fẹ́ gbá ayọ̀ náà dànù. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ọkọ mi, àgbà sì ni nínú ìjọ aláṣọ funfun kan ní Plumstead.

"Mummy, ìwọ? Gun? Inú house yìí?"

"Daddy, air rifle ni. Target la máa ń yìn ín sí. Ẹ wò ó, inú box ló wà, mo ti lock ẹ̀."

"Ṣé swimming ò sí ní Thamesmead ni?"

Ọmọbìnrin mi gbé ojú kúrò lára fóònù rẹ̀. "Mum, you're actually mad, you know. Scope yẹn gan-an looks like something from pound shop. Má gbé e wọ bus o, I'm begging you. They'll call armed police for us."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ìkẹyìn yẹn kì í ṣe àwàdà. Èmi náà mọ irú ojú tí wọ́n fi ń wo adúláwọ̀ tó gbé báàgì gígùn ní ìlú yìí. Mọ́tò nìkan ni mo fi ń gbé ìbọn náà, nínú àpótí tí mo ti pa. Ọkọ mi ní tirẹ̀ kò bá mi jà, ṣùgbọ́n ó yí ojú padà. Ó ń kí mi láàárọ̀ bí ẹni ń kí lọ́yà.

Lọ́jọ́ kan tí n kò lọ síbi iṣẹ́, mo to gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun. Mo gbé awò lé àárín òrùka méjèèjì láì tíì fi ìdérí wọn dè é. Mo gbé ìbọn séjìká, mo di ojú, mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e bó ṣe rọ̀ mí lọ́rùn, mo wá lajú. Bí òkùnkùn bá yí etí ohun tí mò ń wò ká, a jẹ́ pé awò náà súnmọ́ ojú jù tàbí ó jìnnà jù. Màá tì í síwájú díẹ̀, màá fà á sẹ́yìn díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tí wọ́n fi pè mí láti ọ́fíìsì pé ẹnì kan kò wá síṣẹ́, kí n jọ̀ọ́ wá rọ́pò rẹ̀. Mo tú àwọn òrùka kúrò lórí ìbọn, mo ti ìbọn mọ́ inú àpótí rẹ̀, mo fi awò àti àwọn òrùka sílẹ̀ lórí tábìlì, mo sáré lọ.

Nígbà tí mo padà dé, mo bá ọkọ mi tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti fọ abọ́, ó ti se ẹ̀wà.

"Mummy, no problem again," ló wí. "Máa lo gun ẹ. Ọkàn mi ti balẹ̀."

Inú mi dùn ju kí n máa bi í léèrè ohun tó fi í lọ́kàn balẹ̀ lọ. A jẹ ẹ̀wà náà tán, mo sì padà sídìí iṣẹ́ mi. Mo so nọ́ọ̀tì irin mọ́ òwú, mo fi kọ́ sára ilẹ̀kùn kó rọ̀ sílẹ̀ ṣánṣán. Ìlà méjì tó kọjá ara wọn bí àgbélébùú wà nínú awò náà, mo yí i títí ìlà òòró rẹ̀ fi bá òwú náà dọ́gba. Mo wá ń fún àwọn síkúrù náà díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀, kí apá kan má bàa fún ju èkejì lọ. Ìka mi ń yọ̀ díẹ̀, mo rò pé ẹ̀wà ni.

Kí awò tó wúlò, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ẹnu ìbọn mu, kó jẹ́ pé ibi tí àgbélébùú bá wà gan-an ni ọta máa bà. Nítòsí gan-an ni mo ti bẹ̀rẹ̀, lórí páálí ńlá, torí pé bí ọta bá yà níbẹ̀, mo ṣì máa rí ibi tó yà sí. Ọta kan ṣoṣo kò ṣeé fi dájọ́. Màá yin mélòó kan, màá wo àárín wọn, kí n tó yí bọ́tìnì kékeré orí awò, èyí tó wà lókè fún òkè àti ìsàlẹ̀, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ọ̀tún àti òsì. Lẹ́yìn náà ni màá sún sẹ́yìn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí n tó lọ sílé, àwọn ihò mi ti ń fara kanra láàárín páálí. Mo kọrin nínú mọ́tò dé Thamesmead.

Nígbà tí mo padà lọ, gbogbo wọn ti sá lọ sókè. Mo yí bọ́tìnì, mo fà wọ́n wálẹ̀. Ìgbà tí mo tún lọ, ọ̀tún ni mo bá wọn. Mo dá wọn padà. Kò pẹ́, wọ́n tún ti ṣí lọ. Ṣe ni mò ń lé ọta kiri pápá bí ẹni ń lé adìẹ.

Bàbá akọ̀wé, arúgbó òyìnbó kan tó ti ń yìnbọn kí wọ́n tó bí mi, jókòó tì mí, ó wò mí títí, ó mi orí. Ó ní awò náà ni. Ó ní inú rẹ̀ ti tú, jákujàku ni, irú rẹ̀ kì í pẹ́. Ó ní kí n jẹ́ kí ọjọ́ káàdì yìí kọjá, kí n lọ ra èyí tó jẹ́ ojúlówó, kí n padà sí ẹ̀yìn àwọn tó ń dúró, ó máa tún kàn mí lọ́jọ́ kan. Kò fi ìkà sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú, nítorí ó ń ṣàánú mi.

Mo délé, mo fi ìbínú gbá ilẹ̀ tí kò dọ̀tí. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo kà. Awò tí inú rẹ̀ bá ti tú á máa fọ́n ọta káàkiri, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún. Tèmi kì í fọ́n wọn. Á kó wọn jọ síbì kan dáadáa, lẹ́yìn náà ni á kó gbogbo wọn lọ síbòmíràn. Nǹkan kan ló ń sún, n kò sì mọ ohun tó jẹ́. Mo fi ránṣẹ́ sí bàbá akọ̀wé pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́ káàdì, èmi àti awò mi.

Àárọ̀ Sátidé ni. Mo tètè dé, mo gbé ìbọn lé tábìlì, mo wo inú awò láìyìn ín. Òpó tó gbé páálí ró dúró ṣánṣán, àgbélébùú inú awò mi sì fara tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọ̀mùtí. Òkùnkùn sì wà létí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀ rí. Awò náà ti yí, ó ti sún wá sẹ́yìn, nínú òrùka tí mo fi ọwọ́ ara mi fún pinpin. Mo tú síkúrù, mo ṣí ìdérí òrùka àkọ́kọ́. Òórùn ló kọ́kọ́ kàn mí. Òórùn ṣọ́ọ̀ṣì wa! Òróró ólífì tí wọ́n po lọ́fíńdà mọ́, tí wọ́n ti gbàdúrà sí, nínú pápá àwọn òyìnbó lẹ́yìn Erith. Mo fi ìka kàn án, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́.

Nílé wa, kò sí ohun tuntun tí ọkọ mi kì í fi òróró pa. Mọ́tò, fírísà, bírò tí àwọn ọmọ fẹ́ fi ṣe ìdánwò, gbogbo rẹ̀ ló ń gba tirẹ̀. Bí mo ṣe gbàgbé èyí, n kò mọ̀. Mo pè é.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fi oil pa scope mi ni?"

"Ah, o ti mọ̀!" Ohùn rẹ̀ dùn. "Mo pray lórí ẹ̀ seriously. Mo ní kò ní ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, kò sí bullet ẹ̀ tó máa ba èèyàn."

"Inú ring ńkọ́?"

"Inú, ẹ̀yìn, gbogbo ẹ̀. Mo rub ẹ̀ dáadáa, mo wá nù ún kó lè shine."

"Daddy, oil yẹn ló ń jẹ́ kó máa slip! Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń miss!"

"So àdúrà yẹn work nìyẹn. Mo ní kó má ba èèyàn, kò kúkú ba nǹkan kan."

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé sì ń yà fún mi. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ nù ún kúrò, ṣé kò ní bínú.

"Nu ti inú ẹ̀ kúrò," ló wí. "Mo ti fi pa box náà, ìyẹn ti tó. Mummy, go and finish them."

Nínú báàgì iṣẹ́ mi ni aṣọ pélébé onísípírítì wà, èyí tí a fi ń nu ọwọ́ kí a tó fọwọ́ kan oògùn. Mo nu awò, mo nu inú òrùka, mo tún un nù, títí irin fi ń ké ṣín-ín-ṣín-ín lábẹ́ ìka mi. Mo tò ó padà, mo fi òpó páálí dípò òwú, mo mú àgbélébùú dúró ṣánṣán, mo fún síkúrù, ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀. Bàbá akọ̀wé wá dúró lórí mi, ó ní ṣé ó dá mi lójú pé mo fẹ́ dán an wò. Mo ní kó jẹ́ kí àwọn yòókù kọ́kọ́ yin tiwọn. Ó lọ mu tíì.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí. Mo yìn, mo yí bọ́tìnì, mo yìn. Mo sún sẹ́yìn, mo yìn. Mo dúró díẹ̀, mo tún yìn láìfọwọ́ kan ohunkóhun, ojú kan náà ni wọ́n bà. Nígbà tí wọ́n pè mí, mo gbé ìbọn séjìká.

Atẹ́gùn ń wá láti ojú odò Thames, ó ń tẹ koríko. Mo dúró títí koríko náà fi dìde, mo yin ti àkọ́kọ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi ku ọ̀kan. Ìyẹn ló le jù, nítorí mo ti rí i pé àwọn ìyókù wà nínú òbìrìkìtì, mo sì mọ̀ pé ìka kan ṣoṣo lè bà á jẹ́. Mo gbé ojú kúrò nínú awò, mo wo ọ̀run, mo mí. Mo padà sínú rẹ̀. Àgbélébùú dúró jẹ́ẹ́ sáàárín dúdú. Mo fà á.

Bàbá akọ̀wé lọ já káàdì náà wá fúnra rẹ̀. Ó gbé e sókè kí oòrùn lè gba inú ihò rẹ̀, ó sì jẹ́ pé ihò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ihò págunpàgun kan tí ọta márààrún gbẹ́ láàárín dúdú.

"Awò yẹn náà?" ló bi mí.

"Awò yẹn náà ni."

Mo hó yèè. Mo fò sókè, mo jó lórí koríko pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ mi, mo sọ 'Halelúyà' ní ohùn tó dé ojú títì. Àwọn kan ń pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, n kò bìkítà. Inú mi dùn, inú mi dùn gan-an, kí n má tanra mi jẹ. Bàbá náà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun ti gba ti awò náà, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́ géètì kan nínú àpò rẹ̀ fún mi. Gbogbo ẹni tó bá ti kúrò ní àlejò ló máa ń ní tirẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Ìrì ṣì wà lórí géètì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń ṣílẹ̀kùn kiri apá ibí yìí, ilé kan lẹ́yìn òmíràn, kọ́kọ́rọ́ àwọn tí mò ń tọ́jú ni mo fi ń ṣí wọn, mo sì gbọ́dọ̀ dá a padà sí ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí kí n tó kúrò níbẹ̀. Mo yí èyí, géètì ṣí, mo wọlé. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ náà, mo sì fi í sínú àpò mi.